Ẹ̀yin Ìyá Tí Ń Sin Ẹja Ní Ẹ̀yìnkùlé: Pọ́ǹpù Wo Ni Yóò Máa Dá Omi Yín Padà Sókè?

Ọ̀rọ̀ ẹja àrọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀, bí kò ṣe ti omi tí ó ń gbé. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú àti ní Èkó tí ó jẹ́ pé bí ẹ bá yà sí ẹ̀yìnkùlé wọn, táńkì ẹja ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Obìnrin mìíràn ń fi í ran ọkọ lọ́wọ́, òmíràn ń fi í san owó ilé ìwé ọmọ, opó mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni ó gbójú lé. Owó tí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí, tirẹ̀ ni lábẹ́ òfin ẹ̀sìn wa. Nítorí náà, bí ẹja bá kú lóru, àpò tirẹ̀ ni ó jó, kì í ṣe àpò baálé ilé.

Ọ̀nà àtijọ́ ni kí a máa da omi ẹja nù ní ọjọ́ méjì ọjọ́ mẹ́ta, kí a sì tún pọn òmíràn sí i láti inú kànga. Iṣẹ́ ńlá ni, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga bá fà. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi yan ọ̀nà kejì. Wọ́n á gbé táńkì ẹja sí orí ilẹ̀ tí ó ga, wọ́n á wá gbẹ́ kòtò sí ìsàlẹ̀, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, tàbí kí wọ́n ri táńkì kékeré mọ́lẹ̀ sínú rẹ̀. Omi tí ó ti dọ̀tí yóò máa fúnra rẹ̀ ṣàn láti inú táńkì ẹja gba páìpù wá sínú kòtò náà. Níbẹ̀ ni ìdọ̀tí ti máa ń sílẹ̀, tí omi yóò sì la àárín òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àwọ̀n kọjá. Lẹ́yìn náà ni pọ́ǹpù yóò gbé omi tí ó ti mọ́ padà sókè sọ́dọ̀ ẹja. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń fi ẹja ṣe ọ̀ṣọ́ nínú àpótí gíláàsì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹja á wà ní pálọ̀ níbi tí àlejò yóò ti rí i, kòtò omi rẹ̀ á wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, kí ariwo àti òórùn má baà dé ọ̀dọ̀ àlejò. Tiwọn jẹ́ ti ẹwà, tiwa jẹ́ ti oúnjẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni pọ́ǹpù ń ṣe fún àwa méjèèjì.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí pọ́ǹpù yìí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹja ń jẹ, ó ń yàgbẹ́, ó sì ń tú èròjà olóró kan tí a ń pè ní ammonia jáde, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti ibi ìjàgbọ̀n rẹ̀. Bí èròjà yìí bá pọ̀ nínú omi, yóò pa ẹja. Ọlọ́run Ọba sì ti dá àwọn ẹ̀dá tíntìntín kan tí ojú kò lè rí, tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti àwọ̀n inú kòtò yẹn, tí wọ́n ń sọ oró yìí di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu mọ́. Kòtò tuntun a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí àwọn ẹ̀dá yìí tó pọ̀ tó nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú omi ni àwọn náà ń mí. Bí omi bá dúró gbagidi fún wákàtí mélòó kan, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á sì ṣòfò. Ẹ wá rí i pé ẹni tí ó ra pọ́ǹpù tí kò yẹ kò pàdánù owó pọ́ǹpù nìkan.

Bí ọ̀pọ̀ nínú yín bá dé ọjà, ohun tí ẹ máa ń sọ ni pé, "Ẹ fún mi ní pọ́ǹpù ẹṣin kan," òǹtajà á sì gbé èyí tí ó tóbi jù kalẹ̀, á ní, "Màmá, èyí lágbára." Agbára kọ́ ni ẹ wá rà. Omi ni ẹ wá rà: iye lítà omi tí yóò dé òkè ní wákàtí kan. Ẹ yí páálí rẹ̀ wò. Ẹ ó rí nọ́ńbà méjì lára rẹ̀. Ọ̀kan ni iye omi tí ó lè gbé ní wákàtí kan, èkejì ni ibi gíga tí ó lè gbé e dé, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ ní mítà. Ibi tí a ti ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nìyí: nọ́ńbà méjèèjì kì í ṣẹlẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iye lítà tí ó wà lára páálí, ìgbà tí pọ́ǹpù kò bá gbé omi lọ sókè rárá ni ó lè gbé e. Gíga tí ó wà lára páálí náà, níbẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti pin pátápátá. Omi á dúró nínú páìpù, ẹyọ kán kan kò sì ní jáde. Pọ́ǹpù tí páálí rẹ̀ ka 3000 lítà àti mítà 3 kò lè fún yín ní 3000 lítà ní òkè mítà 3. Kò ní fún yín ní nǹkan kan níbẹ̀.

Báwo ni ẹ ó wá ṣe mọ èyí tí ó bá yín mu? Ẹ kọ́kọ́ mọ iye omi tí ẹja yín ń gbé. Ká ní táńkì méjì ni ẹ ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 1000 lítà. Àṣà àwọn tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni pé kí gbogbo omi náà la kòtò kọjá tó ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kan. Ó di pé 2000 lítà ní wákàtí kan ni ẹ ń wá. Ẹ wá wọn gíga. Kì í ṣe láti ibi tí pọ́ǹpù jókòó sí nísàlẹ̀ kòtò ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe láti ojú omi inú kòtò títí dé ibi tí omi yóò ti tú jáde lókè. Bí kòtò bá jin púpọ̀ tí omi sì kún inú rẹ̀, jíjìn rẹ̀ kò ni pọ́ǹpù lára. Ká ní ẹ wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ mítà méjì àti ààbọ̀. Ẹ fi nǹkan bí ààbọ̀ mítà lé e nítorí wàhálà tí omi ń rí nínú páìpù, ó di mítà 3. Pọ́ǹpù tí ẹ ń wá nìyẹn: èyí tí yóò gbé 2000 lítà dé òkè mítà 3. Páálí irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ka 4000 tàbí 5000 lítà, àti gíga mítà 4 àti ààbọ̀ tàbí 5. Àwọn tí ó ṣe pọ́ǹpù tí ó dára máa ń fi bébà kan sínú páálí, tí wọ́n ya ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí, tí ó ń fi hàn iye omi tí pọ́ǹpù náà ń gbé ní gíga kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè bébà yìí. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ pe ọmọ ilé ìwé kan.

Bí ẹ bá ti gbé e délé, korobá 20 lítà kan àti aago ti tó yín láti dán an wò. Bí pọ́ǹpù bá ń gbé 2000 lítà ní wákàtí kan lóòótọ́, korobá náà yóò kún ní ìṣẹ́jú àáyá 36 ní ẹnu páìpù òkè. Bí ó bá gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá òǹtajà jà. Ẹ kọ́kọ́ wo páìpù yín.

Ọ̀rọ̀ páìpù yìí, àwa rò pé òun ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ènìyàn á ra pọ́ǹpù olówó iyebíye, á wá fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nítorí pé ó dín owó díẹ̀. Omi tí a ń fi ipá tì gba ojú tóóró ń jà ni, agbára pọ́ǹpù sì ń tán sínú ìjà náà. Bí ẹ bá mú páìpù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tí iye omi kan náà sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìjà yẹn yóò dín kù tó bí ìlọ́po 32. A kò ṣi í kọ; ìlọ́po méjìlélọ́gbọ̀n ni. Nítorí náà, bí ẹnu pọ́ǹpù bá tilẹ̀ jẹ́ íńṣì kan, ẹ jẹ́ kí pọ́lọ́ńbà so ó mọ́ páìpù íńṣì kan àti ààbọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá ti jáde. Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà síbí yà sọ́hùn-ún bí ẹni ń sá fún olè. Igun kan tí ó kán bí igun ilé nínú páìpù íńṣì kan ń dá omi dúró tó páìpù gbọọrọ tí ó gùn ju ààbọ̀ mítà lọ. Bí kò bá sí bí a ti ṣe lè yẹ igun sílẹ̀, kí ó fi ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tí ó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ rọ́pò ẹyọ kan tí ó kán.

Ṣé pọ́ǹpù kànga tí ó ti wà nílé kò lè ṣe iṣẹ́ náà ni? Ìbéèrè yìí pọ̀. Pọ́ǹpù tí ń fa omi kànga lọ sí táńkì orí òrùlé, iṣẹ́ gíga ni wọ́n ṣe é fún: omi díẹ̀, ibi gíga púpọ̀, wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́, kí ó sì sinmi. Iṣẹ́ ẹja jẹ́ òdìkejì rẹ̀: omi púpọ̀, ibi tí kò ga, tọ̀sán tòru láìsinmi. Bí ẹ bá fi í sí i, yóò gbóná, yóò pariwo, yóò sì jẹ iná. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹṣin kan jẹ́ wọ́ọ̀tì 746. Bí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 24, ó ti jẹ tó yúníìtì 18 lọ́jọ́ kan, ó sì lé ní 530 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí a ń sọ yìí, gbígbé 2000 lítà dé òkè mítà 3 ní wákàtí kan, agbára tí omi fúnra rẹ̀ ń fẹ́ kò tó wọ́ọ̀tì 20. Pọ́ǹpù kékeré máa ń fi púpọ̀ nínú iná ṣòfò, a gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń jẹ wọ́ọ̀tì 80 yóò ṣe é. Wọ́ọ̀tì 80 tọ̀sán tòru kò tó yúníìtì 2 lọ́jọ́, kò sì tó 60 lóṣù. Ẹ gbé iye tí ẹ ń san lórí yúníìtì kan lé e, kí ẹ wo ohun tí yóò kù nínú èrè yín nínú oṣù mẹ́fà.

Pọ́ǹpù oríṣi méjì ni ẹ ó rí: èyí tí ń wọ inú omi, àti èyí tí ń jókòó sí ìta. Ti inú omi dákẹ́, omi ni ó sì ń mú un tutù. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ó ní òróró nínú, nítorí bí rọ́bà rẹ̀ bá já, òróró yẹn á tú sínú omi ẹja. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún èyí tí bàbà bá pọ̀ nínú rẹ̀, oró ni bàbà jẹ́ fún ẹja. Ti ìta rọrùn láti tú wò, ṣùgbọ́n kò mọ omi fà dáadáa bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú páìpù rẹ̀, ó sì dára kí a gbé e sí ibi tí ó rẹlẹ̀ ju ojú omi kòtò lọ, kí omi máa fúnra rẹ̀ ṣàn wọ inú rẹ̀. Èyí tí ó bá ní bọ́tìnì tí a fi ń dín eré rẹ̀ kù ni ó wù wá jù, nítorí ẹ lè rà á kí ó lágbára díẹ̀ ju ohun tí ẹ nílò lónìí, kí ẹ sì fún un ní eré sí i nígbà tí ẹja bá dàgbà. Bí kò bá ní bọ́tìnì, fáàlìfù ni kí ẹ fi dín omi kù, kí fáàlìfù náà sì wà ní ojú ọ̀nà tí omi ń gbà jáde. Ẹ má ṣe dí ẹnu ibi tí ó ti ń fa omi.

Ẹ jọ̀wọ́, iná àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá ki ọwọ́ bọ kòtò tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tí wáyà rẹ̀ sì ti bó, lè kú kí ó tó pariwo. Ẹ yọ ọ́ lára iná pátápátá kí ẹ tó fi ọwọ́ kan omi, kí ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé pípa súìṣì nìkan. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ kékeré tí ń já iná fúnra rẹ̀ sí ojú ọ̀nà náà, èyí tí a kọ 30 mA sí lára, kí ó sì so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tí a ti ń ki wáyà bọ ara ògiri kò gbọdọ̀ wà ní òkè omi gan-an. Kí wáyà sì kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀ kí ó tó gòkè wọ ọ́, kí omi tí ó bá ń tẹ̀lé wáyà lè kán sílẹ̀ dípò kí ó wọ inú iná. Ẹ bo kòtò pẹ̀lú. Ọmọ tí ń fò kiri kò mọ̀ pé kòtò jin.

Ìgbà tí iná bá lọ ni a máa ń mọ ẹni tí ó ṣètò dáadáa. Pọ́ǹpù dúró, kí ni omi yóò ṣe? Bí ẹnu páìpù òkè bá rì sínú omi táńkì ẹja, omi náà yóò gba inú páìpù yẹn padà wá sísàlẹ̀, yóò máa wá, yóò máa wá, títí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ ẹnu páìpù. Táńkì tí ó gùn ní mítà 2, tí ó fẹ̀ ní mítà 1, bí ẹnu páìpù bá rì sínú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, 200 lítà ni yóò dà padà. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 péré ni ó rì, 40 lítà ni. Bí kòtò kò bá ní ààyè fún omi yìí, yóò kún, yóò sì ṣàn jáde sínú àgbàlá. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé omi díẹ̀ ni ó ṣòfò. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá dé, pọ́ǹpù yóò gbé omi tí ó kù lọ sókè láti fi dí àyè tí ó ti ṣófo lọ́hùn-ún, kòtò á gbẹ, pọ́ǹpù á máa yí lórí òfo, á gbóná, á sì jóná. Ní àárín ìrun Ìṣáì sí ìrun Àsùbá, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹnu páìpù wà ní òkè omi, kí omi máa já bọ́ láti ibẹ̀. Ìjábọ́ rẹ̀ á tilẹ̀ tún máa gbé afẹ́fẹ́ wọ inú omi fún ẹja. Bí ó bá di dandan kí ó rì, ẹ dá ihò kékeré sára páìpù náà ní abẹ́ ojú omi díẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kí èéhọ̀n má dí i. Pọ́lọ́ńbà lè sọ pé fáàlìfù tí kì í jẹ́ kí omi padà ti tó. Kò tó. Èérún kan ṣoṣo tí ó bá há sí i lẹ́nu ti sọ ọ́ di aláìwúlò. Kí ẹ tó kó ọmọ ẹja sínú omi rárá, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́, kí ẹ wá yọ iná, kí ẹ dúró ti kòtò náà títí omi yóò fi dá. Bí kò bá kún jáde, ẹ fi ẹfun fa ìlà sí ibi tí omi wà nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe rọ omi kọjá ìlà yẹn láé.

Ẹja àrọ̀ ní sùúrù ju ẹja mìíràn lọ, nítorí ó lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lójú omi. Epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ kú bí omi bá dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ àrọ̀ tí kò tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kò tíì ní ohun tí yóò fi mí afẹ́fẹ́ òde, àgbà rẹ̀ náà kò sì lè gbé inú oró ammonia pẹ́. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ nígbà tí pọ́ǹpù kò bá ṣiṣẹ́. Bátìrì 12 fóltì tí a kọ 100 Ah sí lára, bí a bá lo ìdajì rẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́, lè gbé pọ́ǹpù wọ́ọ̀tì 80 fún wákàtí 7 tàbí kí ó lé díẹ̀, bí pọ́ǹpù náà bá jẹ́ irú èyí tí ń lo iná bátìrì ní tààrà. Bí ó bá gba ìńvátà kọjá, yóò dín díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni ààyè rẹ̀, kì í ṣe abẹ́ fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun.

Àwọn kan lè sọ pé ẹja ni, bí ó bá kú, ó kú, ẹ̀sìn sì fún wa láyè láti jẹ ẹ́ láìdú u. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, sọ ìtàn obìnrin kan tí ìyà jẹ nítorí ológbò tí ó sé mọ́lé láìfún un lóúnjẹ. Ohun tí a bá sé mọ́ ibì kan, ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́rùn wa. Ẹja inú táńkì kò lè lọ wá odò mìíràn.

Ẹ rántí aládùúgbò pẹ̀lú. Pọ́ǹpù tí ń kùn lóru, ògiri ń bá a kùn ni. Ẹ gbé e lé orí rọ́bà tí ó nípọn, kí ẹ sì fi rọ́bà rírọ̀ díẹ̀ so ó mọ́ páìpù líle, ariwo á dín. Omi ìdọ̀tí tí ẹ bá fọ̀ jáde nínú kòtò, ẹ má darí rẹ̀ sí ojúde ẹlòmíràn. Ẹ dà á sí ìdí ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀ á yọ̀ sí i.

Ní ti ìtọ́jú, kò le. Ẹ fi kànìnkànìn tàbí àwọ̀n wé ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa omi, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tú ojú rẹ̀, kí ẹ yọ ohun tí ó ń yí nínú rẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́; irun àti ìpẹ́pẹ́ ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ má fi ọṣẹ sí i. Bí agbára bá sì wà, pọ́ǹpù kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ. Kí ẹ ra èyí tí méjèèjì jọ jẹ́ irú kan náà, kí ẹ̀yà ara ọ̀kan lè wọ èkejì. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká méjì nísinsìnyí, kí ó ra ọ̀kan, kí ó bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń sin ẹja ní àdúgbò dá owó jọ ra ẹyọ kan tí yóò wà nínú páálí lọ́dọ̀ ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ gbogbo wọn, kí wọ́n sì máa gbé e sínú omi lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti mọ̀ pé ó ń yí.